Ẹ Yéé Bi Ẹni Tó Farapa Pé "Ṣé O Lè Gbá A?"

Ìdíje bọ́ọ̀lù ọlọ́dọọdún láàárín àwọn ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ fákọ́tì wa ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ báyìí, àwọn ọmọ wa ti wà lórí pápá, eruku ń sọ lálá, àwọn ọmọ ọdún kìíní sì ti ń kọ́ orin tí a ó fi bú àwọn ará ẹ̀ka Ìtàn. Inú mi dùn sí gbogbo rẹ̀. Láti ọdún kejì mi ni mo ti ń ṣọ́ ilé fún ikọ̀ àwọn obìnrin ẹ̀ka wa, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹni tí kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ló fẹ́ ba ayẹyẹ jẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ: kí á jáwọ́ nínú fífi agbábọ́ọ̀lù tó ti farapa sílẹ̀ lórí pápá nítorí pé ó ní òun lè fara dà á. Òun kọ́ ló yẹ kí á bi. Kóòṣì pàápàá kọ́.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń lọ. Ẹnìkan ṣubú, ó di ọrùn ẹsẹ̀ mú. Rẹfirí fọn fèrè. Àwọn mẹ́ta sáré wọlé: ọ̀kan mú Aboniki dání, ọ̀kan mú píọ̀ wọ́tà tó ti dì gbagidi, ẹ̀kẹta kò mú nǹkan kan dání ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta yìí ló máa ń bi í pé, "Ṣé o lè gbá a?" Àwọn tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ti ń pariwo orúkọ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń wá ojú rere rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta wà níbẹ̀. Ikọ̀ kejì sì ti fi ayò kan ṣíwájú. Láti ọdún mẹ́rin tí mo ti wà nínú ọgbà yìí, n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dáhùn pé "Rárá". Ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ kì í yí padà kì í ṣe ìbéèrè mọ́. Àṣẹ ni, ohùn ìbéèrè la kàn fi gbé e jáde.

Ẹ̀yin tí a jọ ṣe kọ́ọ̀sì gírámà Yorùbá, ẹ ràn mí lọ́wọ́ níbí. Nínú "Ẹsẹ̀ ń dùn mí", kí ni olùwà? Ẹsẹ̀ ni. Èmi tí nǹkan ń dùn, àbọ̀ ni mí. Bẹ́ẹ̀ náà ni "Orí ń fọ́ mi", bẹ́ẹ̀ ni "Inú ń run mí", bẹ́ẹ̀ ni "Ẹ̀yìn ń ro mí". Ẹ̀yà ara ló ń ṣe é, ènìyàn ló ń ṣe é sí. Ṣùgbọ́n kí ẹnìkan ṣáà ti ṣubú lórí pápá, gbólóhùn wa a yí padà kíá: "Dìde jàre!" "Ọkùnrin mẹ́ta ni ọ́!" "Fara dà á!" Ẹ tú èyí tó kẹ́yìn yẹn wò: fi ara dà á. Ara tó jẹ́ olùwà ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn ti di irinṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń jẹ̀rora, ìwọ tí o jẹ́ àbọ̀ la sì wá sọ di olùṣe. Bí o kò bá wá lè ṣe é, ẹ̀bi rẹ ni. (Olùkọ́ wa á ní gírámà kọ́ ló ń darí ìwà ènìyàn. Mo gbà, sà. N kò ní kọ eléyìí sínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi.) Àwọn ọmọbìnrin náà kì í bọ́ nínú rẹ̀ o. Tiwa tiẹ̀ le jù, torí wọ́n á ní kí á fi hàn pé kì í ṣe eré ṣíṣe la bá dé orí pápá.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni tí nǹkan bá ti ń dùn máa lọ sílé. Bí a bá ní kí á ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní ku ènìyàn mọ́kànlá nínú ikọ̀ kankan ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ara ríro lẹ́yìn ìdánrawò kì í ṣe ìpalára, gbogbo ẹni tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù ló mọ̀ ọ́n, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀. Èdè wa pàápàá mọ ìyàtọ̀: ẹsẹ̀ tó rọ́ kì í ṣe ẹsẹ̀ tó yẹ̀, èyí tó yẹ̀ kì í ṣe èyí tó kán. Ohun tí ó yẹ kí á wò ni bóyá ìrora náà ti yí bí ènìyàn ṣe ń sáré padà. Ẹni tó bá ti ń tiro ti ń gbé ẹrù ẹsẹ̀ kan lé èkejì, orúnkún tí kò ṣẹ̀ tí kò rò ni yóò jìyà rẹ̀. Nígbà tí ọrùn ẹsẹ̀ bá rọ́, àwọn iṣan tó so eegun pọ̀ ló nà tàbí tó ya. Títí wọn yóò fi jinná, ẹsẹ̀ náà kò ní mọ bó ṣe ń tẹlẹ̀ dáadáa, ó sì rọrùn kó tún rọ́ lẹ́ẹ̀kejì, kó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Aboniki kò dé ibẹ̀. Ó ń mú kí awọ ara gbóná ni, ooru yẹn la sì ń pè ní ìwòsàn. Oògùn ìrora ní tirẹ̀ ń pa ẹnu ẹni tó ń kìlọ̀ fún ọ dé, kò tún ohun tó bàjẹ́ ṣe.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń gbá ọwọ́ ọ̀tún iwájú fún wa nígbà tí a wà ní ọdún kejì. (Ó gbà kí n sọ ìtàn yìí, kí n ṣáà má dárúkọ òun.) Ó fi orúnkún ṣèṣe lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Nígbà tí ilẹ̀ máa mọ́, orúnkún náà ti wú bí àgbọn. Ní ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, ẹnìkan tó ní òun mọ̀ nípa oògùn gún un lábẹ́rẹ́ nínú yàrá họ́sítẹ́ẹ̀lì, wọ́n fi bándéèjì wé e, ó sì gbá 60 ìṣẹ́jú. Òun ló gbé bọ́ọ̀lù fún ẹni tó jẹ ayò tí a fi borí. Wọ́n gbé e lé èjìká yí pápá ká. Nígbà tí wọ́n wá ya àwòrán orúnkún náà, ọ̀kan nínú àwọn iṣan tó so eegun itan mọ́ eegun ojúgun ti já. Bàbá rẹ̀ ló sanwó. Ohun tí gbogbo wa dá jọ fún un kò tó owó àwòrán nìkan, mo mọ̀ nítorí èmi ni mo di owó náà mú. Àjà kẹta ni wọ́n ti ń kọ́ wa ní fonọ́lọ́jì lọ́dún yìí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, òun ni ẹni tó máa ń kọ́kọ́ kúrò nílé tó sì máa ń gbẹ̀yìn dé, tó ń di irin àtẹ̀gùn mú.

Bí ẹ bá bi í lónìí, yóò ní òun yóò tún gbá a bí ọjọ́ náà bá tún padà dé. Kò purọ́, mo ti bi í ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí gan-an ló jẹ́ kó dá mi lójú pé kò yẹ kí ìpinnu náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnìkan á ní àìsí dókítà ló fà á, pé bí a bá lówó bí àwọn òyìnbó, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí á wo ibi tí owó wà. Ní Amẹ́ríkà, bọ́ọ̀lù yunifásítì (tiwọn o, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré, tí wọ́n ń dé akoto gbá) tóbi débi pé pápá Yunifásítì Michigan ń gba ènìyàn tó lé ní 100,000. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2014, Michigan ń bá Minnesota gbá níbẹ̀. Shane Morris, ọmọ tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Michigan, ti ń tiro, wọn kò yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan kọlù ú, ọwọ́ ìjà náà sì bà á lórí. Ó dìde, ó ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, ó fara ti ẹnìkejì rẹ̀ kó má baà ṣubú. Síbẹ̀, òun náà ni wọ́n tún fi bẹ̀rẹ̀ eré tó tẹ̀ lé e. Wọ́n wá yọ ọ́, nígbà tó yá wọ́n tún dá a padà sórí pápá. Dókítà wà níbẹ̀ o. Kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀, àwọn tó jókòó sílé sì rí ohun tí àwọn tó wà létí pápá kò rí. Michigan fìdí rẹmi náà ṣáá ni, 30 sí 14. Yunifásítì náà padà gbà pé ó ṣeé ṣe kí ọpọlọ ọmọ náà ti mì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀hónú hàn, kí oṣù Kẹwàá sì tó parí, ọ̀gá tó ń darí eré ìdárayá níbẹ̀ ti kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2016, àwọn yunifásítì tó wà nínú líìgì ńlá márùn-ún lábẹ́ NCAA fi sínú òfin pé àwọn dókítà àti olùtọ́jú ikọ̀ ló ní ọ̀rọ̀ àsọkẹ́yìn lórí ìgbà tí ẹni tó farapa lè padà sórí pápá, kóòṣì kò sì lè yí i padà. Ẹ wo òfin yẹn dáadáa. Kò ní kí wọ́n lọ kọ́ kóòṣì ní àánú. Ó kàn gba ìpinnu náà lọ́wọ́ ẹni tó ń wá bí yóò ṣe borí. Ohun tí a nílò náà nìyẹn, kò sì ná wa ní 100,000 ènìyàn.

Wọ́n á ní àgbàlagbà ni, ara rẹ̀ ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń dá pinnu níwájú igba ènìyàn tó ń kọrin. Àríyànjiyàn tó wọ̀ mí lára jù ni ti ìgbẹ̀yìn: "Ọdún àṣekágbá mi nìyí, n kò tún ní gbá bọ́ọ̀lù níbi tí ẹnikẹ́ni ti mọ orúkọ mi." Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí, lẹ́yìn ìdánwò yìí àgùnbánirọ̀ ló kàn, kò sì dá mi lójú pé ẹnikẹ́ni yóò tún wọ ìbọ̀wọ́ aṣọ́lé fún mi láé. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí dé egungun. Ṣùgbọ́n ọmọ Amẹ́ríkà tó fara dà á lè máa retí pé bọ́ọ̀lù yóò di iṣẹ́ fún òun. Ife ni àwa ń dù, ọdún kan péré ni ife náà sì ń lò nínú ọ́fíìsì HOD kí ẹ̀ka mìíràn tó wá gbé e.

Àwọn tí bọ́ọ̀lù jẹ́ iṣẹ́ fún pàápàá máa ń dúró. Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, fi orúnkún ṣèṣe ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ tí Super Falcons bá South Africa gbá nínú ìdíje ife Áfíríkà ní Morocco ní ọdún 2022. Ìdíje náà parí fún un níbẹ̀. Ó dun gbogbo wa, a kò sì gba ife náà. Ní oṣù Keje ọdún 2023, ní Brisbane, òun ló jẹ ayò kẹta tí a fi na Australia 3 sí 2 nínú ife àgbáyé.

Ọjọ́rú ni ìpàdé àwọn balógun ikọ̀. Mo ti kọ̀wé sí olùdarí eré ìdárayá fákọ́tì pé kí ẹnìkan tí kì í ṣe ará ẹ̀ka kankan nínú ìdíje náà, tó ń kọ́ físíò tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, bí ó bá sì ní kí ẹnìkan jáde, kó jáde. Bí ó bá jẹ́ orí ni nǹkan bà, kò sí ìbéèrè, ọjọ́ náà ti parí fún un. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ náà nìkan fò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kó sáré, kó yí padà lójijì, ẹsẹ̀ á fúnra rẹ̀ dáhùn. Kí wọ́n má sì ka pípààrọ̀ ẹni tó farapa mọ́ iye tí òfin fún ikọ̀, torí ìbẹ̀rù pé iye náà ti tán wà lára ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n fi ẹni tó ń tiro sílẹ̀. Àwọn kan á fi ṣe màgòmágó, mo mọ̀. Ẹni tó bá ti jáde kò ní padà wọlé lọ́jọ́ náà, ìyẹn á dín in kù.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ máa ń ra jẹ́sì fún wa lọ́dọọdún, ẹ ṣeun púpọ̀. Lọ́dún yìí, ẹ jọ̀wọ́, jẹ́sì méjìdínlógún tó wa, ẹ má ra ogún. Ọmọ físíò kan tó wà ní ọdún kẹrin ti gbà láti wá jókòó fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje dé òpin. Kò béèrè owó. Ó ní kí á fún òun ní àga kan, kúlà kan tó kún fún yìnyín, àti ìwé kan tí gbogbo kóòṣì ti fọwọ́ sí kí rẹfirí tó fọn fèrè àkọ́kọ́.