Kí Kumasi tó na wáyà iná sórí reluwé

Ọdún 1903 ni reluwé dé Kumasi láti Sekondi. Lónìí, mọ́tò ni ará Bantama tó ń lọ Takoradi máa wọ̀. Àìtọ́jú wà lára ohun tó jẹ́ kí irin náà dógùn-ún.

Wáyà iná tó ń gba orí reluwé tún nílò ìtọ́jú ju irin ilẹ̀ lọ. Bí ọkọ̀ ṣe ń sáré, apá orí rẹ̀ ń ha wáyà bàbà náà. Èédú ni wọ́n fi ń ṣe ibi tó ń kan wáyà, kí èédú tètè jẹ, kí bàbà lè pẹ́. Ẹni tí kò bá pààrọ̀ èédú lásìkò, wáyà ló máa rà, ìyẹn kì í sì í ṣe owó kékeré. (Blue Line Èkó bọ́ nínú èyí: ẹ̀gbẹ́ irin nílẹ̀ ni iná tirẹ̀ ń gbà.) Ní South Africa ńkọ́? Olè gé wáyà títí reluwé fi dúró láwọn ọ̀nà kan.

Bí Ghana bá fẹ́ reluwé oníná, kí owó àwọn tó máa yẹ wáyà wò wà nínú àdéhùn kí wọ́n tó ra ọkọ̀ ẹyọ kan.