Àtàrí Kì Í Ṣe Iwájú Orí

Àwọn tí ń ta òróró irun ní Kùtọ̀nú ni a fẹ́ bá wí lónìí. A ó sì bá ara wa wí pẹ̀lú, nítorí bí kò bá sí ẹni tí ń rà, kò ní sí ẹni tí ń tà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni kò tíì pé ẹni ogójì ọdún tí orí wa ti ń pá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí i kí àwa fúnra wa tó rí i. Ọmọ kan tí ń jókòó lẹ́yìn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ya olùkọ́ rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé, ó sì ya oòrùn sí iwájú orí rẹ̀. A fi í ṣe ẹ̀rín ní yàrá olùkọ́. Nígbà tí oṣù parí, Dantokpa ni a kọrí sí.

Ọlọ́jà náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó fi àwòrán méjì hàn wá: nínú èkíní, àtàrí tí ó mọ́ bí igbá, nínú èkejì, àtàrí kan náà tí irun ti bò. Nínú àwa mẹ́ta tí a lọ, kò sí ẹni tí àtàrí rẹ̀ ń pá. Iwájú orí àti ẹ̀bátí ni tiwa. Síbẹ̀ ẹnìkọ̀ọ̀kan wa san 15.000 FCFA fún ìgò kan tí kò ní orúkọ ẹni tí ó pò ó, tí kò sì ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò tán. Èèyàn mẹ́ta tí ìwé-ẹ̀rí lísáǹsì wà lọ́wọ́ wọn! Kò sí ẹni tí ó béèrè pé: ibo ní orí?

Bẹ́ẹ̀ èdè Yorùbá kò da orí pọ̀ mọ́ ojú kan. Ó ní iwájú orí, ó ní ẹ̀bátí, ó ní àtàrí níbi tí irun ti ń yí po, ó ní ìpàkọ́. Onígbàjámọ̀ tí kò ka ìwé kankan mọ̀ pé abẹ kì í rìn bákan náà ní ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìmọ̀ ìṣègùn náà pín in bẹ́ẹ̀. Ní 1942, Hamilton ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi hàn pé orí àwọn ọkùnrin tí a tẹ̀ lọ́dàá kí wọ́n tó bàlágà kì í pá; nígbà tí a fún wọn ní họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin, orí àwọn tí ó jẹ́ ìran apárí bẹ̀rẹ̀ sí í pá. Họ́mọ́ọ̀nù yìí a máa sọ irun iwájú àti ti àtàrí di tín-ín-rín díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n irun ìpàkọ́ kì í sábà kà á sí. Ní 1959, Norman Orentreich kọ̀wé pé irun ìpàkọ́ tí a ṣí gbìn sí ibi tí ó pá ń hù níbẹ̀ bí ẹni pé kò kúrò ní ìpàkọ́. Bí orí bá jẹ́ ilẹ̀ kan ṣoṣo, báwo ni èyí ì bá ṣe rí bẹ́ẹ̀?

Oògùn wà, a kò sọ pé kò sí. Minoxidil, tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 1988 pé kí àwọn ọkùnrin máa fi pa orí. Àtàrí ni wọ́n ti ka irun, ìwé tí ó wà nínú àpótí rẹ̀ níbẹ̀ sì sọ ọ́ gbangba pé kì í ṣe fún iwájú orí. Finasteride tẹ̀ lé e ní 1997. Ọkùnrin 1.553 ni wọ́n fi dán an wò, láti ẹni ọdún 18 sí 41. Wọ́n sàmì sí òbìrípo kan tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 1 ní àtàrí, irun bíi 876 ló wà nínú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 2, àwọn tí ń lo oògùn fi irun 138 ju àwọn tí ń gbé hóró lásán mì lọ. Iye náà kò kéré, ṣùgbọ́n kì í ṣe igbó. Wọ́n dán an wò ní iwájú orí pẹ̀lú: ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, kò tó ti àtàrí. Ẹni tí ó bá sì dá oògùn méjèèjì dúró yóò pàdánù ohun tí ó rí gbà láàárín oṣù mélòó kan.

Ẹ wá wo àrékérekè àwòrán. Irun a máa gùn tó sẹ̀ǹtímítà 1 lóṣù. Ẹ gẹ irun yín mọ́lẹ̀ lónìí, kí ẹ dúró sábẹ́ iná, kí wọ́n ya yín; ẹ padà wá lóṣù tí ń bọ̀, kí wọ́n ya yín níbi òjìji. Irun wa tí ń ká kò yóò ti bo awọ orí, láìsí òróró kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni irun tí ó já ní ojú kan róbótó bí owó ẹyọ: ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó ń padà hù fúnra rẹ̀, tí ọlọ́jà á sì gba ọpẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ti làpálàpá orí ọmọdé tún yàtọ̀, oògùn tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ìgò kan náà ni wọ́n ń tà fún gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti owó nìkan. Ẹlẹgbẹ́ wa kan ra hóró finasteride láìsí ìwé oníṣègùn. Ó ń lọ̀ ọ́ sínú òróró, ìyàwó rẹ̀ tí ó lóyún ni ó sì ń bá a fi ra orí. Kò yẹ kí aboyún fọwọ́ kan hóró náà bí ó bá ti fọ́, torí ó lè ṣàkóbá fún ẹ̀yà ìbímọ ọmọkùnrin tí ó wà nínú rẹ̀. Ọlọ́jà kò sọ ọ́. Kò sọ pẹ̀lú pé ó lè dín agbára ọkùnrin kù lára àwọn kan. Ọpẹ́ ni pé obìnrin ni ọmọ tí wọ́n bí.

Ìlú wa yìí ni wọ́n ti ṣe Ìpè Kùtọ̀nú lòdì sí ayédèrú oògùn ní ọjọ́ 12, oṣù kẹwàá, ọdún 2009, tí Jacques Chirac sì wà nídìí rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2017, àwọn ọlọ́pàá wọ Adjégounlè nínú Dantokpa, wọ́n kó oògùn. Òróró irun bọ́ nínú àwọ̀n náà, nítorí pé a kà á sí ọ̀ràn ẹwà. A kò gbà. Ẹni tí ó bá ní ohun òun ń hu irun, oògùn ni ó ń tà. Kí àwọn tí ń ṣàkóso oògùn ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ bi í léèrè bí wọ́n ti ń bi àwọn yòókù.

Àwọn kan yóò ní a ń tàbùkù sí ewé àwọn baba wa. A kò bá ewé jà. Ẹni tí ó ní ewé, kí ó sàmì sí orí, kí ó ka irun bí àwọn tí a sọ yẹn ti kà á. Àwọn mìíràn yóò ní orí pípá jẹ́ iyì àgbà. Bẹ́ẹ̀ ni, fún àgbà! Ọmọ ọdún 28 tí ń wá ìyàwó kò tíì béèrè irú iyì bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ ìṣirò kan láàárín wa, tí ó lọ rí oníṣègùn awọ ara, ń lo minoxidil. Irun rẹ̀ kọ́kọ́ já sí i ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó fẹ́ sọ ọ́ nù. Oníṣègùn ti kìlọ̀ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni ó ń rí lára àwọn kan. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, a máa ń ya orí rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé kan náà, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, pẹ̀lú irun gbígbẹ tí a gẹ ní òṣùwọ̀n kan náà: àtàrí lọ́tọ̀, iwájú lọ́tọ̀, ẹ̀bátí lọ́tọ̀. Irun tín-ín-tín bíi ti ọmọ ọwọ́, a kì í kà á. Fún oṣù mẹ́rin, a kò rí nǹkan kan. Ní oṣù kẹwàá, àtàrí ti ṣú díẹ̀ sí i. Iwájú wà bí ó ti wà. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, àtàrí ní ojú ewé kan, iwájú ní ojú ewé kejì. Ọlọ́jà tí ó bá tún fẹ́ ta ìgò fún wa, kí ó kọ́kọ́ dárúkọ ibi tí irun yóò ti hù, kí ó sì dúró di oṣù kejìlá kí ó tó gba owó rẹ̀.