Ṣé Ẹ̀rọ Yín Mọ Aláàtì Ayédèrú?

Aláàtì ayédèrú ti kọ́ àwọn oníṣòwò Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó lọ́gbọ́n: kí owó hàn ní báńkì kí ọjà tó kúrò ní ìsọ̀. Ó wá yà mí lẹ́nu pé ẹni tí ó bá gba ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá síṣẹ́ lè kọ gbólóhùn kan péré fún un: “Bí owó bá ti wọlé, fi ọjà ránṣẹ́.”

Webhook, ìròyìn tí ilé-iṣẹ́ ìsanwó bíi Paystack ń fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà oníṣòwò, lè jẹ́ ayédèrú pẹ̀lú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ àdírẹ́sì náà lè kọ tirẹ̀ ránṣẹ́. Ìdí nìyí tí Paystack fi ń lu òǹtẹ̀ àṣírí mọ́ tirẹ̀. Ìtọ́ni tí kò bá mẹ́nu ba òǹtẹ̀ yìí, òfo ni lójú mi. (Èmi kì bá tilẹ̀ fi yíyẹ̀ ẹ́ wò lé ẹ̀rọ tí a lè fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn lọ́wọ́, ètò kọ̀ǹpútà lásán ni kí ó ṣe é.) Kọ́bọ̀ ni Paystack fi ń ka owó, ẹ̀rọ tí kò mọ̀ yóò ka ₦5,000 sí ₦500,000. Bí kọ̀ǹpútà yín kò bá sì dáhùn, wọn a máa tún ìròyìn kan náà rán títí di wákàtí 72. Ẹ̀rọ tí a kò kìlọ̀ fún lè di ẹrù kan náà sọ́kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ẹ má ṣe fi ẹwà èdè wọn ìtọ́ni. Ẹ fi ìròyìn ayédèrú kan, àtúnrán kan àti owó tí kò pé dán ẹ̀rọ náà wò kí ẹ tó fi kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ lé e lọ́wọ́.