Ìbọn tí kì í yìn



Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo bá ọmọkùnrin mi tó ń fi fóònù mi yìnbọn. Mo fẹ́ bá a wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni mo rín, nítorí mo rántí ìbọn tèmi ní Tudun Wada, ní ìlú Kaduna yìí, ní nǹkan bí ọdún 1997.

Ṣọ́ọ̀bù kan wà lẹ́bàá ọ̀nà ilé-kéwú wa. Tẹlifíṣọ̀n 3 ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ gémù tí wọ́n fi fara wé èyí tí Nintendo gbé jáde ní Japan ní 1983. Ọmọ Haúsá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ a máa wo aago ọwọ́ rẹ̀, a sì kígbe pé “Saura minti biyu!”, pé ó ku ìṣẹ́jú 2. Bí NEPA bá mú iná lọ, owó ẹni bá a lọ. Èyí tó ní ìbọn oníke ni mo ń bá wá. Pẹ́pẹ́yẹ a fò sókè. Bí a kò bá bà á, ajá kan a yọrí láti inú koríko, a fi wá rẹ́rìn-ín. Duck Hunt ni wọ́n ń pè é.

A rò pé nǹkan kan ń jáde láti ẹnu ìbọn náà lọ bá pẹ́pẹ́yẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbọn náà kì í ta ohunkóhun. Ńṣe ló ń wòran. Bí a bá ti fà á, ojú tẹlifíṣọ̀n yóò ṣókùnkùn wìì, ibi tí pẹ́pẹ́yẹ wà nìkan ni yóò sì funfun. Bí ojú kékeré tó wà nínú ẹnu ìbọn bá rí ìmọ́lẹ̀ yẹn, a bà á nìyẹn. Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ Nintendo: ní 1973, wọ́n gbé ìbọn oní-ìmọ́lẹ̀ sínú àwọn gbọ̀ngàn tí àwọn eléré bowling ti pa tì, ní 1974, Wild Gunman wọn ń fi fíìmù ènìyàn gidi hàn, tó ń fa ìbọn yọ sí ẹni tó sanwó.

Owó Àlàrùbá ni mo fi ń ṣe tèmi. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí ilé-kéwú mọ̀ ọ́n: owó díẹ̀ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń mú wá fún Alfa lọ́jọ́ Àlàrùbá. Náírà 5 ni tèmi, mo sì jẹ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 7.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Alásárì, mo bojú wẹ̀yìn, mo rí Alfa wa lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní pàṣán ti dé. Wọ́n wo pẹ́pẹ́yẹ náà títí, wọ́n wá bi mí pé: “Ṣé ẹni tí wọ́n bá nà níbí ló ń san owó fún ẹni tó nà án?” Mo ní rárá, Alfa. Irọ́ ni mo pa. Nínú gémù bọ́ọ̀lù, ẹni tí a bá nà ló ń san ti àwọn méjèèjì, ìyẹn kò sì jìnnà sí tẹ́tẹ́. Wọ́n ní: “Owó tí o ná yẹn, gbèsè ni.” Wọn kò nà mí, wọn kò sì sọ fún ìyá mi.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 2000, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Kaduna lórí ọ̀rọ̀ Sharia. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí kò nílò kí n ròyìn rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà jóná. Alfa kó ìdílé wọn lọ sí Ìlọrin. Kí n tó kàwé dé ibi tí mo ti mọ̀ pé owó tí a jẹ olóògbé di ti àwọn àjogún rẹ̀, Alfa ti papòdà.

Ní 2016 mo wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin. Èló ni kí n san? Àwọn onímọ̀ kan ní iye tí a jẹ ni kí a san; àwọn mìíràn ní kí a wo ohun tí owó náà lè rà nígbà náà. Ojú ti èmi láti gbé náírà 35 kalẹ̀, mo mú èyí tó pọ̀.

Àkọ́bí Alfa gba àpòòwé náà, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ìwọ ni ọmọ onípẹ́pẹ́yẹ! Bàbá máa ń sọ ọ́. Wọ́n ní ó wu àwọn náà kí àwọn ta á lẹ́ẹ̀kan, ojú ló ń ti àwọn.”

Láìpẹ́ yìí mo rí irú ìbọn náà rà, àlòkù. Mo so ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ilé wa. Pẹ́pẹ́yẹ fò, mo fa ìbọn títí, ọ̀kan kò já bọ́: tẹlifíṣọ̀n òde òní kì í tan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lákòókò tí ìbọn náà ń retí. Ti àtijọ́, onígíláàsì, tó wúwo bí àpáta, ni mo ń wá báyìí. Bí ọ̀kan bá wà nínú yàrá ẹrù yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì jù ú nù. Àkọ́bí Alfa ní òun ń bọ̀ ní Kaduna lẹ́yìn Iléyá.