Ẹ Jẹ́ Kí Ìwòsàn Tuntun Ní Orúkọ Nínú Ìwé Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn aláṣẹ ètò ìlera tilẹ̀ pèsè orúkọ sílẹ̀ kí ọmọ tó dé. Ọjọ́ 8, oṣù Kejìlá, ọdún 2023, ni wọ́n fọwọ́ sí Casgevy àti Lyfgenia, ìwòsàn méjì fún àwọn tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá fínra. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ náà tó pé ni kóòdù tí àwọn ilé ìwòsàn yóò fi kọ Casgevy sínú ìwé ti wà nílẹ̀.

Òǹkàwé lè bèèrè pé kí ni kóòdù já mọ́ lára ìwòsàn. Àmì méje ni, lẹ́tà àti nọ́ńbà, tí ó ń sọ ohun tí a ṣe fún aláìsàn, ibi tí a ti ṣe é lára rẹ̀ àti ọ̀nà tí a gbà ṣe é. Àrùn fúnra rẹ̀ ní kóòdù tirẹ̀, D57, nínú ìwé kẹwàá ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, ṣùgbọ́n kóòdù àrùn kò lè sọ irú ìtọ́jú tí aláìsàn gbà.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ti rí. Àwọn oníṣègùn yóò gba sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, èyí tí ń pèsè ẹ̀jẹ̀, lára aláìsàn. Wọn yóò tún àbùdá inú rẹ̀ ṣe. Wọn yóò fi oògùn líle pa èyí tí ó kù nínú mùdùnmúdùn egungun rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fa èyí tí wọ́n tún ṣe padà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lójú ẹni tí ó dúró lẹ́bàá ibùsùn, ìfàjẹ̀sínilára lásán ni. Bí akọ̀wé kò bá ní àmì mìíràn, ohun tí yóò kọ nìyẹn, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù, tí iye Casgevy nìkan nínú rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là, yóò sì wọ ìwé bí àpò ẹ̀jẹ̀ kan. Ta ni yóò san owó ohun tí ìwé kò mọ̀?

Ẹlòmíràn yóò ní àwa tí a kò tíì lè ra oògùn náà, kí ni a fẹ́ fi kóòdù ṣe? Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí orílẹ̀-èdè tí a ti ń bí ọmọ alárùn yìí tó Nàìjíríà. Láti ọdún 2011 ni wọ́n sì ti fi sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn ẹlòmíràn wo ọmọ kan ní Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ Ìṣègùn ti Yunifásítì Benin. Ní Amẹ́ríkà, ètò kan bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2025 nínú èyí tí ìjọba àpapọ̀ bá àwọn olóògùn dúnàádúrà nítorí àwọn aláìní, wọ́n sì so owó mọ́ bí ìwòsàn náà bá ti ṣiṣẹ́ sí. Àkọsílẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe irú ìdúnàádúrà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ iye àlejò rẹ̀ kò lè mọ iye iṣu tí yóò gún.

Nínú iṣẹ́ ògbufọ̀ tí mo ń ṣe, mo ti rí i pé ohun tí kò ní orúkọ kì í pẹ́ di ìgbàgbé. Òfin adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 ti sọ ọ́ di dandan kí gbogbo olùgbé Nàìjíríà wà lábẹ́ ètò náà. Nítorí náà, ó yẹ kí Ilé-iṣẹ́ Ìlera àti àjọ adójútòfò rí i dájú pé ìfàjẹ̀sínilára, gbígba sẹ́ẹ̀lì ọmọ ìyá ẹni àti gbígba sẹ́ẹ̀lì ara ẹni tí a tún ṣe ní àmì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìwé wa. Kí wọ́n sì kọ́ àwọn akọ̀wé ẹ̀ka àkọsílẹ̀ ní ìlò wọn.

Iṣẹ́ yìí kò gba mílíọ̀nù dọ́là. Bí a bá ṣe é nísinsìnyí, nígbà tí ìwòsàn náà bá dé ọ̀dọ̀ wa, kò ní bá àwọn ọmọ wa láìsí lórí ìwé.