Ẹ Ní Kí Wọ́n Pa Ìwé Dé: Lẹ́tà sí Àwọn Olùkọ́

Ẹ̀yin olùkọ́ wa,

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ yín pọ̀ ju owó tí ẹ ń gbà lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí à ń gbà múra ìdánwò fún àwọn ọmọ wọ̀nyí ń dùn mí, n kò sì lè dákẹ́ mọ́.

A ó kọ nóòtì sójú pátákó, wọn á dà á kọ, a ó ní kí wọ́n lọ kà á. Bí ìdánwò bá ku ọ̀la, wọn á ṣàìsùn, wọn á máa ka ojú ìwé kan náà títí yóò fi yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Ọmọ kan ka nóòtì sí mi létí, lórí bí ewé ṣe ń ṣe oúnjẹ, kò kọsẹ̀ rárá. Mo bo ìwé, mo ní kó dárúkọ ohun tí ewé ń lò. Àjà ló ń wò.

Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006, àwọn olùwádìí Roediger àti Karpicke fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà ní àyọkà. Àwọn kan kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Àwọn mìíràn kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wá kọ ohun tí wọ́n rántí láìwo ìwé, lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó ń kà á ṣáá ló borí, 83 nínú 100 sí 71. Ibí yìí gan-an ló ti ń tan gbogbo wa jẹ. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan pé, 40 ló kù lórí àwọn tó ń kà á ṣáá. Àwọn yòókù rántí 61.

Àwọn baba wa kò ṣe bíi tiwa. Ọmọ tó ń kọ́ Ifá, tí odù 256 ń dúró dè, kì í gbọ́ lásán. Òun náà á ki ẹsẹ tó gbọ́ létí ọ̀gá. Bó bá ṣì í, ọ̀gá á tún un ṣe, á tún ní kó kì í lọ́jọ́ mìíràn. Oògùn ìsọ̀yè wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò rọ́pò kíkì yẹn.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má dúró de ìparí sáà. Bí ẹ bá wọ kíláàsì, ẹ ní kí wọ́n pa ìwé dé, kí ẹ bi wọ́n ní ẹ̀kọ́ àná, ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá àti ti oṣù tó kọjá. Ẹ má fún ìdáhùn wọn ní máàkì. Ẹ má na ẹni tó gbàgbé, nítorí ọmọ tó ń wo pàṣán kò ní lè ronú. Ẹ sọ ìdáhùn fún un, kí ẹ tún bi í lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí.