Ìṣápá Ni Zobo: Èsì fún Àwọn Tó Ní Kì í Ṣe Tiwa

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá Sabon Gari ní Minna, ẹ̀yin lẹ ń sọ ọ́ káàkiri pé ewé Haúsá ni zobo, pé kò bá ìṣápá tí ìyá yín fi ń se ẹ̀gúsí tan. Irọ́ gbáà ni.

Kì í tilẹ̀ ṣe ewé. Ìbòrí pupa tó ki, tó ń bo èso lẹ́yìn tí òdòdó bá rẹ̀, ni wọ́n ń ká tí wọ́n ń sá. Irúgbìn kan náà, Hibiscus sabdariffa lẹ́nu àwọn onímọ̀, ló ní pupa, ló ní funfun. Funfun ni Ìgbómìnà àti Èkìtì ń sè. Pupa lẹ ń mu nínú ike.

Ẹ ní àwọ̀ wọn yàtọ̀. Ta ló sọ pé àwọ̀ ń tú ẹbí ká? Ẹ wo àjàrà Faransé: Pinot Noir tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì pupa àti Pinot Blanc tí wọ́n fi ń ṣe funfun, àjàrà kan ṣoṣo ni. Àwọ̀ èèpo ló yí padà lára ẹ̀ka, àgbẹ̀ sì gé ẹ̀ka náà gbìn lọ́tọ̀. Anthocyanin, èròjà tó ń mú èèpo àjàrà pọ́n, ìran rẹ̀ náà ló ń mú zobo pọ́n. Ẹ bu kaún díẹ̀ sí zobo, kí ẹ wo bí pupa yẹn yóò ṣe sá lọ.

Omi rẹ̀ ló ń dùn mí jù. A ó bọ ìṣápá, a ó fún un, a ó da omi kíkan rẹ̀ nù, a ó tún un bọ̀. Lọ́jọ́ kan náà, a ó rán ọmọ lọ ra zobo! Kí ló wà níbẹ̀? Omi ìṣápá, atalẹ̀, kànáfùrù, èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó. Ohun tí à ń dà sí gọ́tà ni aládùúgbò ń tà fún wa.

Haúsá kò fi nǹkan kan ṣòfò ní tiwọn: wọ́n ń fi ewé rẹ̀, yakuwa, se ọbẹ̀, wọ́n sì ń fi hóró rẹ̀ ṣe irú. Sẹ̀nẹ̀gàl ń mu ún, Sudan ń mu ún, Mẹ́síkò ń rà á lọ́wọ́ Nàìjíríà.

Ẹni tó bá ṣì ń jiyàn, kó gbé omi ìṣápá funfun pa mọ́, kó fi atalẹ̀ àti ṣúgà sí i, kó di ojú ara ilé rẹ̀, kó bu òun àti zobo pupa fún un mu, kó sì bi í èwo ni zobo.